Ìjà ọjọ́ Ìwé Ìròyìn, àtàwọn ìjà mìíràn lórí Wikipedia

Lórí Wikipedia, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, ẹ wo ojúewé kan ṣoṣo tó kan Abẹ́òkúta: ti Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ lọ́dún 1859. Ìwé kan á ní 23 Oṣù Kọkànlá ló kọ́kọ́ jáde, òmíràn á ní 3 Oṣù Kejìlá. Ẹni tó ka tàkọ́kọ́ á yí i, ẹni tó ka èkejì á dá a padà, eré á sì di ìjà.

Ìlà méjì ló máa parí ẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì, kí ẹ so ìwé tí ẹ ti rí ìkọ̀ọ̀kan mọ́ ọn, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé. Wikipedia kì í dájọ́ ẹni tó jàre. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé tó ṣeé gbára lé ti tẹ̀ jáde la ń kó jọ. Ẹni tó bá ní "bàbá àgbà mi ní Aké ló sọ ọ́" lè má purọ́, àmọ́ ta ló máa lè yẹ̀ ẹ́ wò? Bí olùwádìí kan bá ti gbà á sílẹ̀ tó sì tẹ̀ ẹ́ síwèé, ó di lílò. Òfin yìí le jù fún wa, lójú tèmi, torí púpọ̀ nínú oríkì àti ìtàn agboolé Ẹ̀gbá ò tíì dé inú ìwé rárá.

Lórí Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹnì kan ò gbọdọ̀ dá àtúnṣe padà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lórí ojúewé kan láàárín wákàtí 24. Àwọn kan wá sọ ọ́ di ẹ̀tọ́: wọ́n á dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta géérégé, wọ́n á sì sùn. Irọ́ ni o, alákòóso lè ti àkáǹtì pa kó tó pé mẹ́ta tó bá rí i pé ìjà lẹ ń jà. Bí wọ́n bá ti dá tiyín padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró ná. Ẹ tẹ "Wo ìtàn", ẹ fi ẹ̀dà méjèèjì wéra, ẹ ka ìdí tí onítọ̀hún kọ. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí àkọlé tuntun lójú ewé ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú líǹkì, ẹ sọ ìwé tí ẹ gbé e lé, kí ẹ fi ~~~~, tó máa di ìbuwọ́lùwé yín, parí rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé ~~~~ yẹn, ìkéde ò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ńṣe ló ń fojú di yín. Ẹ fi "ẹ" bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ ò mọ̀ bóyá ọmọ ogún ọdún ni tàbí bàbá àádọ́rin.

Ti ìjà lórí ààmì orí orúkọ rọrùn: ojúewé kan ni kó dúró sí Abẹ́òkúta, kí Abeokuta àti Abẹokuta darí sí i. Ìdẹkùn tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ tó ní tóótó lábẹ́ àti e̩ tó ní ìlà kékeré lábẹ́ jọra lójú wa, ṣùgbọ́n lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni lójú kọ̀ǹpútà. Bí ojúewé méjì ṣe ń wà fún nǹkan kan náà nìyẹn, tí àwọn tó kọ ọ́ á sì máa fẹ̀sùn kan ara wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ kó èèyàn jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí kálukú ti ṣí àkáǹtì láti ilé. Lórí Wi-Fi kan, mẹ́fà péré ló ń ṣí lójúmọ́, wọ́n á dá ẹni keje dúró. Ẹ pín ìpín ojúewé fún wọn, torí bí méjì bá jọ ń tún ìlà kan náà ṣe, ẹni tó fi tirẹ̀ pamọ́ kẹ́yìn ló máa fọwọ́ da méjèèjì pọ̀. Ní ti àwòrán Òkè Olúmọ, fóònù tiyín ni kí ẹ fi yà á. Èyí tí ẹ bá kàn mú lórí Google, wọ́n á pa á rẹ́, torí ti ẹlòmíràn ni.