Kí la ó pe ostrakismos? Àpáàdì ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká fi ṣe é

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ láti ìjẹta lórí ọ̀rọ̀ tí a ó fi túmọ̀ ostrakismos, àṣà tí àwọn ará Áténì, ìlú kan nílẹ̀ Gíríìsì, fi ń dìbò láyé àtijọ́ pé kí ẹnì kan kúrò nílùú. Ẹnì kan ní "ìyọlẹ́gbẹ́", ẹnì kejì ní "ìléni-nílùú", ẹ̀gbọ́n wa kan sì ní ká kúkú pè é ní "ṣíṣí igbá", nítorí igbá òfìfo tí wọ́n fi ń kọ Aláàfin lọ́yọ̀ọ́ láyé àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò gbà. Aláàfin tí wọ́n bá gbé igbá yẹn fún, ikú ló kù. Ẹni tí Áténì bá ní kó máa lọ, ọdún 10 ni yóò lò lẹ́yìn odi. Ilé rẹ̀ àti oko rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ọdún bá sì pé, á padà wálé. Wọn kì í tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni "ìléni-nílùú" ti kọsẹ̀ lójú tèmi, torí ẹni tí wọ́n bá lé nílùú, ohun tí Yorùbá máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé kí ló ṣe.

Ní ti "ìyọlẹ́gbẹ́", ìtumọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì òde òní gbé wọ ọ̀rọ̀ náà ló tàn wá. Ẹni tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò bá kí mọ́, wọ́n pa á tì ni. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ti parí.

Ẹ wo nǹkan náà fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún, àpéjọ ìlú á bi ara wọn bóyá kí wọ́n ṣe é lọ́dún náà. Bí wọ́n bá gbà, tó bá di ọjọ́ rẹ̀, wọn á sọgbà yí ibì kan ká lọ́jà. Ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ìlú (obìnrin, ẹrú àti àlejò ò sí níbẹ̀) á mú àfọ́kù ìkòkò dání, tí wọ́n ti ha orúkọ ẹni tó fẹ́ kó lọ sí lára. Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì ayé àtijọ́, ní bí gbogbo rẹ̀ ò bá pé 6,000, òfo ni. Àfọ́kù yẹn ni wọ́n ń pè ní ostrakon. Kí làwa ń pè é? Àpáàdì! Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi sọ àṣà náà lórúkọ, ó sì wà lọ́wọ́ tiwa náà.

Nínú kànga kan lẹ́bàá Acropolis, òkè tí àwọn tẹ́ńpìlì Áténì wà, wọ́n rí nǹkan bí 190 irú àpáàdì bẹ́ẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ń pe Themistocles ọmọ Neocles, aṣáájú kan ní Áténì. Àwọn tó yẹ ìkọ̀wé tó wà lára àpáàdì náà wò ní ọwọ́ èèyàn bíi 14 péré ló kọ gbogbo rẹ̀. Àṣé bíbá ará ìlú tẹ̀ka sílẹ̀ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

"Ìdìbò-àpáàdì" ni mo mú wá. Ẹnì kan ti bèèrè pé ṣebí yíyàn là ń dìbò sí. Rárá o. Kí àpótí ìbò òyìnbó tó dé, ọ̀dọ̀ babaláwo ni ìbò wà, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ń bi Ifá bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tó wá dáfá á di ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, á di èkejì mọ́ òsì. Awo mìíràn sì ní àpáàdì nínú ìbò tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu. "Wọ́n fàpáàdì lé e" lè dà bíi pé wọ́n gbé e lé e lórí, torí "lé" tí a fi ń lé adìẹ àti "lé" ti ẹrù orí, ohùn kan náà ni wọ́n ní. Mo wá gbìyànjú èyí: "Ní ọdún 482 ṣáájú ìbí Kristi, Áténì fàpáàdì yọ Aristides." (Olóṣèlú wọn kan ni Aristides.) Ó dùn létí mi. Mo kà á fún ìyá mi, wọ́n ní ṣé ẹ̀gún ló gún Aristides lẹ́sẹ̀ ni.