Ẹ gbà mí o: log mi ń pariwo, mi ò rí àṣìṣe gan-an nínú rẹ̀

Ará Kubwa:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Iléeṣẹ́ kékeré kan ní Utako, l'Ábújá, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwa la kọ ètò tí ilé ìtajà oògùn kan fi ń tajà ní ẹ̀ka rẹ̀ mẹ́ta: Wuse, Garki àti Kubwa. Django, irinṣẹ́ Python kan, la fi kọ ọ́, PostgreSQL ni database rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí rìsíìtì àwọn oníbàárà kan kì í jáde. Wọ́n á ti sanwó tán nídìí POS, ojú kọ̀ǹpútà á wá sọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló burú jù, nígbà tí àwọn èèyàn bá kírun tán tí wọ́n ya bo ìsọ̀.

Log ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyẹn fáìlì tí ètò ń kọ ìṣe rẹ̀ sí, ń lọ sí 150 MB. "GET /health 200" ló kún ibẹ̀ jù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá server ṣì wà láàyè, àti ìlà tí ètò tó ń ka iye ọjà ń kọ ní gbogbo ìgbà. Mo ti ṣe `grep ERROR` (àṣẹ tó ń ṣa ìlà tó ní ERROR jáde), ohun kan náà ló ń gbé wá: TransactionManagementError. Traceback rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà tó ń fi ibi tí àṣìṣe gbà hàn, gùn tó 60 ìlà, inú Django fúnra rẹ̀ ló sì parí sí. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mo ti ń wò ó. Ó ń dùn mí, torí àwọn ìyá kan ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá dúró nídìí kántà. Báwo lẹ ṣe ń ṣa òkúta kúrò nínú irú ẹ̀wà yìí?

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lé ariwo yẹn lọ: `grep -v "/health" app.log > kekere.log`. Ẹ má pa fáìlì gidi rẹ́ o, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ máa sẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lo `grep -A 60 ERROR`, torí grep lásán á mú ìlà àkọ́kọ́ nìkan, á fi ìyókù traceback sílẹ̀. Nínú Python, ìlà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ orúkọ àṣìṣe. Ẹ ti ìsàlẹ̀ máa gòkè, kẹ́ ẹ fo gbogbo ìlà tó bá ní site-packages (code tí àwọn ẹlòmíràn kọ), títí tẹ́ ẹ máa fi kan fáìlì tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín kọ.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ àbúrò mi ti Jabi, àmọ́ kíkà láti ìsàlẹ̀ nìkan kò lè tó níbí. Àbúrò mi ti Kubwa, wo àárín traceback yẹn bóyá o máa rí "During handling of the above exception, another exception occurred". Bó bá wà níbẹ̀, àṣìṣe méjì lo ní, èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló wà lókè. Java ló yàtọ̀: "Caused by" tó gbẹ̀yìn pátápátá ni gbòǹgbò tiẹ̀. Java ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì pẹ́ kí ojú mi tó mọ́ra.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí: TransactionManagementError kì í ṣe àìsàn náà, ara gbígbóná ni. Bí ìbéèrè kan sí database bá kùnà láàrin transaction (àkójọ iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ yọrí pọ̀ tàbí kó já sí asán pọ̀), PostgreSQL kò ní gba òmíràn mọ́ àfi kí transaction yẹn parí. A jẹ́ pé nǹkan kan ti kọ́kọ́ kùnà, code yín gbé e mì, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ṣé ERROR ni code yín fi kọ èyí tó kọ́kọ́ kùnà yẹn sínú log, àbí WARNING, ìkìlọ̀ lásán? Bó bá jẹ́ WARNING, `grep ERROR` rẹ ti fẹ́ ọkà pọ̀ mọ́ ìyàngbò. Èmi kì í fi ìpele (ERROR tàbí WARNING) sẹ́ log lákọ̀ọ́kọ́ láé. Àkókò ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ó kan ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ìpele ló ń kẹ́yìn.

Ará Kubwa:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo wá "During handling", kò sí níbẹ̀. Mo wá lọ fi àkókò wò ó. Oníbàárà kan ní Garki sọ pé aago 2:40 ọ̀sán ni tòun ṣẹlẹ̀. Mo wo 14:40, pẹ́rẹ́ú ni gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Àbí log mi ò pé ni?

Ará Lugbe:
Ẹ tẹ `date` lórí server yẹn. Bó bá sọ UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé), aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, 13:40 ló yẹ kẹ́ ẹ wò. Odindi ọjọ́ kan ni èyí gbà lọ́wọ́ mi nígbà kan.

Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ fi log hàn wá, ẹ yọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà kúrò ná. Oògùn tí èèyàn ń lò, àṣírí rẹ̀ ni, òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sì dúró lé e lórí. Kò tiẹ̀ yẹ kí orúkọ wọn wọ inú log rárá.

Ará Kubwa:
UTC ni o! ERROR kún 13:40 fọ́fọ́. Àmọ́ ìlà àwọn ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wọnú ara wọn, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ti Garki.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná:
Worker (ẹ̀yà ètò tó ń dá ìbéèrè lóhùn) tó ju ẹyọ kan lọ ló ń kọ sínú fáìlì kan náà nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́rin bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Kọ middleware kékeré kan (code tí gbogbo ìbéèrè ń gbà kọjá) tó máa fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan láti ìsọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ bó ṣe ń wọlé (uuid4 ti Python, tó ń ṣe nọ́ńbà tí kì í jọra, tó), kó o sì jẹ́ kí gbogbo ìlà log gbé nọ́ńbà yẹn. Grep kan ṣoṣo á wá kó ìtàn oníbàárà kan jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Gbé e sókè kó tó di Jímọ̀.

Ọmọ Ìlọrin ní Jabi:
Ṣé kò ní rọrùn jù kí wọ́n lo Sentry, ẹ̀gbọ́n? Ó ń kó àṣìṣe tó jọra pọ̀ sójú kan.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná:
Ó dára, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ò bá yí ètò rẹ̀ padà, WARNING kì í dá dúró níbẹ̀ bí àṣìṣe, abẹ́ ERROR tó tẹ̀lé e ló máa wà. Nọ́ńbà ìbéèrè yẹn ṣì wúlò.

Ará Kubwa (alẹ́ Jímọ̀):
Mo ti rí i! Mo mú nọ́ńbà ìbéèrè kan, mo grep ẹ̀, ìlà mọ́kànlá péré ló jáde. Ìlà kẹfà ni WARNING: IntegrityError, nọ́ńbà rìsíìtì yìí ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí code wa ń ṣe ni pé ó máa ń wá nọ́ńbà tó tóbi jù, á fi 1 kún un. Wuse àti Garki tẹ bọ́tìnì pọ̀, nọ́ńbà kan náà ló fún àwọn méjèèjì. Code mú àṣìṣe ẹnì kejì, ó kọ WARNING, ó tún fẹ́ gbìyànjú sí i nínú atomic (transaction ti Django) kan náà, PostgreSQL ò gbà. Ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn, èrò ni.

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná:
O káre! Fi atomic kékeré mìíràn yí ibi tó lè kùnà ká, kí try, ibi tó ń mú àṣìṣe, wà lóde rẹ̀, Django á ṣe savepoint (ibi tó lè padà sí), transaction ńlá ò ní bàjẹ́. Èyí tó sàn jù ni kí o fi nọ́ńbà rìsíìtì lé sequence PostgreSQL, ìyẹn èyí tó ń ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀, lọ́wọ́. Kì í fún ẹni méjì ní ọ̀kan náà, àmọ́ ó lè fo nọ́ńbà, nítorí náà kọ́kọ́ bi akáùńtáńtì wọn.

Ará Kubwa:
Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní fífò ò da àwọn láàmú, bí kò bá ti sí méjì tó jọra. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa gbé e sórí server, tí wọ́n bá ti ti ìsọ̀. Mo ti ní kí /health má wọ log mọ́ látòní, fáìlì náà ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdúrótì.