"Ebi ewé" kò lè dúró fún àìtó èròjà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ó máa lò fún ìtọ́jú igi ẹ̀ṣọ́ inú ìkòkò, ẹnì kan dábàá "ebi ewé" fún ewé tí èròjà kò tó nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ká pa "ajílẹ̀" tì, ká máa sọ pé "oúnjẹ igi", torí pé ohun tó wà nínú ìkòkò kì í ṣe ilẹ̀. N kò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹni tí ebi ń pa, oúnjẹ là ń fún un. Bí a bá sọ fún olódòdó, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú òdòdó, pé ebi ń pa ewé Ixora rẹ̀ (igi òdòdó kan), ajílẹ̀ NPK, èyí tó ní náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́mù, ni yóò tún bù sí i. Bẹ́ẹ̀, ẹ wo Ixora inú ìkòkò sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà ilé: ewé ọ̀dọ́ tó wà lókè á pọ́n, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò ṣì tutù yọ̀yọ̀. Irin ni kò tó nínú ewé náà, bí irin tilẹ̀ pọ̀ nínú erùpẹ̀. Ixora ń fẹ́ erùpẹ̀ tó kan díẹ̀; ẹfun ara sìmẹ́ńtì ti pa kíkan yẹn, gbòǹgbò kò sì rí irin fà mọ́. Ajílẹ̀ tí a bá tún dà sí i á kàn di iyọ̀ sí i nídìí ni, ṣóńṣó ewé á sì jóná. Tó bá jẹ́ náítírójìn ni kò tó, ewé àgbà ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ pọ́n, torí igi a máa kó náítírójìn kúrò lára àgbà fún ọ̀dọ́. Kì í lè kó irin bẹ́ẹ̀. "Ebi" bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. "Àìtó irin" àti "àìtó náítírójìn" là á yé olódòdó.

Oúnjẹ igi ńkọ́? Inú ewé ni igi ti ń ṣe tirẹ̀, pẹ̀lú oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́. Ká fi ajílẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Yúríà ni o, ìgbẹ́ adìẹ ni o, ajílẹ̀ ni àgbẹ̀ ń pè é, ibi yòówù kó dà á sí. Ìkòkò gan-an ló tún nílò rẹ̀ jù, torí omi tí à ń bu sí i ń ṣan èròjà jáde ní ihò ìdí rẹ̀.

Mo fẹ́ ká ya "wíwo ewé" sọ́tọ̀ fún ojú, ká sì fi "àyẹ̀wò ewé" sílẹ̀ fún láàbù, níbi tí wọ́n ti ń já ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó, tí wọ́n á gbẹ ẹ́, lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n tó wọn ohun tó wà nínú rẹ̀. Èròjà lè ti dín kí àwọ̀ ewé tó yí, ojú kò sì ní rí i. Ohun tí láàbù bá rí, "ìwọ̀n èròjà inú ewé" ni kó máa jẹ́.

Ó ku ajílẹ̀ oníhóró tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. "Ajílẹ̀ ayọ́díẹ̀" ni mo dá lábàá; ẹni tó bá ní èyí tó rọrùn lẹ́nu àwọn olódòdó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá.