Ẹ̀yin tí ẹ ti bí òkú ọmọ rí, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Kàbà

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó béèrè bóyá oyún oṣù mẹ́jọ tó bàjẹ́ ni wọ́n ń pè ní òkú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni. Bí oyún bá ti pé ọ̀sẹ̀ 28, tí ọmọ jáde láìsí èémí, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò kà á sí oyún tó wálẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ rọbí, ó sì bí. Ọ̀sẹ̀ 36 ni èmi bí tèmi.

Ọmọ náà kì í sinmi. Bí wọ́n bá ti ń pe ìrun àsùbá ló ti máa ń ta mí nípàá. Ní Sátidé kan, wọ́n pe ìrun, ilẹ̀ mọ́, kò mira. Ìyá ọkọ mi bu omi tútù fún mi, wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀. Nígbà tí kò sí ìyípadà, àwọn fúnra wọn ló pe ọlọ́kadà.

Nọ́ọ̀sì gbé fèrè tí wọ́n fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ lé mi nínú, ó tẹ́tí. Ó sún un sísàlẹ̀, ó sún un sókè. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀. Ìyẹn náà gbọ́ títí, kò wojú mi, ó kàn ní, “Màmá, ṣé ọkọ yín wà níta?” Ìbéèrè yẹn ni mo fi mọ̀.

Mo rò pé wọn yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ni. Dókítà ní ó sàn kí n fúnra mi bí i, kí abẹ má kan ilé ọmọ nítorí oyún tó ń bọ̀. Wọ́n fún mi lóògùn, mo rọbí mọ́jú, ọmọ ọlọ́mọ ń ké lẹ́yìn kọ́tìnnì. Obìnrin ni. Irun kún orí ẹ̀. Àwọn àgbà ilé ní ìyá kì í wo irú òkú bẹ́ẹ̀. Mo yarí, nọ́ọ̀sì kan sì gbè mí lẹ́yìn, ni wọ́n bá gbé e fún mi. (Bó bá wù yín láti rí i, ẹ rí i. Bí kò bá wù yín náà, ẹnikẹ́ni má fi ipá mú yín.)

Ohun tí wọn ò sọ fún mi ni pé wàrà ń bọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ọmú mi kún, ó le, bùbá mi tutù rin, kò sí ẹni tí n ó fún mu. Aṣọ tí wọ́n rẹ sómi tútù ni mo ń fi lé e, pẹ̀lú kọ́mú tó fún. Ẹ má fún un jáde ṣáá, bí ẹ bá ṣe ń fún un ni yóò máa wá.

Àwọn tó wá kí wa ń sọ pé, “Omi ló dànù, agbè ò fọ́.” Mo ṣe àmín. Àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó da omi nù. Ẹsẹ̀ mi ti wú, orí ń fọ́ mi, 150/100 sì wà nínú káàdì mi nígbà méjì, kò sẹ́ni tó là mí lóye. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nígbà tí mo tún lóyún, mo gbé káàdì náà lọ sí Lọ́kọ́ja. Dókítà fún mi ní aspirin kékeré láti oṣù kẹta (ẹ má dá a lò o), wọ́n sì ń wọn ìfúnpá mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ. Ọmọkùnrin náà ti ń lọ síléèwé.

Ọmọ Yàgbà

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Inú páálí ni mo gbé tiwa sí. Ìyàwó mi ni gbogbo ayé ń kí, èmi ni wọ́n ní kí n lọ wá ṣọ́bìrì. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà nìkan lẹ ò mẹ́nu bà: obìnrin ń rọbí, ọkọ̀ ń ja kòtò, a ò tíì dé Kàbà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Mọ̀pà

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe fẹ̀yìntì. Mo rí ìdílé kan tí awọ ara ọmọ wọn ń bó, wọ́n ní ayé ló da omi gbígbóná sí i nínú oyún. Ayé kọ́ o. Ọmọ tó bá kú sínú, tí kò tètè jáde, awọ rẹ̀ máa ń bó bẹ́ẹ̀. Èyí tí awọ rẹ̀ bá dán bí ẹni tó sùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àsìkò ìrọbí ló kú, èyí ló sì máa ń dùn mí jù. Nínú òkú ọmọ bíi mílíọ̀nù 2 tí wọ́n ń bí lágbàáyé lọ́dún, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ àsìkò ìrọbí ni wọ́n kú. Ọ̀pọ̀ ì bá yè, ká ní ẹnìkan ń gbọ́ ọkàn wọn, kí wọ́n sì tètè ṣe abẹ.

Ẹ má kúrò ní ọsibítù láìbéèrè ohun tó pa ọmọ. Ṣé ibi ọmọ já ṣáájú àkókò ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún ibà, àtọ̀gbẹ àti síífílíìsì, kí ọkọ náà ṣe ti síífílíìsì.

Àbúrò, Ìsánlú

Ẹ ṣé, mà. Àná ni ẹ̀gbọ́n mi bí tiẹ̀. O negative ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, O positive ni ti ọkọ. Ṣé ó kàn wá?

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Mọ̀pà

Ó kàn yín gan-an. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní anti-D, tó gbọ́dọ̀ gbà kí wákàtí 72 tó pé, kí ara rẹ̀ má baà bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ tó ń bọ̀ jà. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí, ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n ní i.