Ológoṣẹ́ kan ní ẹ̀yìnkùlé mi, orí ẹ̀ ò jọ ti àwọn tó kù

Ìyá Dárà
Ẹ káàsán o ẹ̀yin èèyàn mi. Beverley ni mò ń gbé, lẹ́bàá Hull, àwọn ológoṣẹ́ máa ń wá jẹ hóró sunflower tí mò ń dà sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan ń bá wọn wá tí mi ò mọ ohun tí mo lè pè é. Àárín orí àwọn akọ tó kù dà bí eérú, tiẹ̀ pupa bí obì, àmọ́ eérú wà níbì kan níbì kan lórí ẹ̀ bí ìgbà téèyàn bu eérú wọ́n ọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ funfun, àmì dúdú kékeré kan wà láàárín ẹ̀ tó rí wúruwùru. Abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ wá dúdú títí dé àyà. Ọmọ mi ní ìdọ̀tí ni, mo bá dúró títí ó fi wẹ̀ nínú abọ́ omi tí mo gbé síta, ó wẹ̀ tán, ó gbọn ara, àmì yẹn ò kúrò. Ṣé ẹ̀yà méjì ló dàpọ̀ bí i ni?

Bàbá Ìbejì
Ẹ kú ìtọ́jú ẹyẹ mà. Ìgbà wo lẹ rí i? Torí tó bá jẹ́ láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, wọ́n ń pààrọ̀ ìyẹ́ nígbà yẹn, ọmọ akọ tí ìyẹ́ àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lára ẹ̀ a máa rí jágbajàgba. Mo ti rí irú ẹ̀ rí tí mo rò pé àdàlù ni, nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ó ti di house sparrow gidi, ìyẹn ológoṣẹ́ tó wọ́pọ̀ ní àyíká ilé. Ẹ wo ẹnu ẹ̀ náà, tó bá rí tẹ́ẹ́rẹ́ dunnock nìyẹn, kì í ṣe ológoṣẹ́ rárá.

Ìyá Dárà
Oṣù kẹrin yìí náà ni sà. Ẹnu ẹ̀ nípọn, ó dúdú.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ẹ ṣé mà, ọ̀rọ̀ ti yé mi. Wọn kì í pààrọ̀ ìyẹ́ lóṣù kẹrin, ẹnu dúdú yẹn sì ni ti akọ tó ń múra àtibímọ. Tree sparrow gidi, ìyẹn ẹ̀yà ológoṣẹ́ mìíràn, gbogbo orí ẹ̀ ló máa ń pupa láìsí eérú kankan, àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ dúdú kirikiri, funfun yí ọrùn ẹ̀ ká, dúdú abẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ kéré, akọ àtabo jọra. Tiyín mú díẹ̀ lára èyí, ó mú díẹ̀ lára house sparrow. Àdàlù ni mo pè é. Àgbègbè yín náà bá a mu, torí tree sparrow ṣì wà ní Bempton, létí òkun lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti dín kù ní ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún káàkiri UK láàárín 1970 sí 2008. Èyí tí ò bá rí irú ẹ̀ fẹ́, ẹni tó wà nítòsí náà ló máa fẹ́. Ní Ítálì, irú ìdàpọ̀ báyìí láàárín house sparrow àti Spanish sparrow ti di ẹ̀yà tó dá dúró. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fọ́tò orí ẹ̀ láti òkè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ẹyẹ fún county yín.

Ìyá Dárà
Ẹ ṣeun gan-an. Láàárọ̀ yìí ó ń kó koríko wọ ihò abẹ́ òrùlé aládùúgbò mi, abo house sparrow kan sì ń tẹ̀ lé e wọlé. Mo ti ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó kù ti ọ̀tún.