Bọ́nẹ́ẹ̀tì 911 mi ò dúró mọ́: ṣọ́ọ̀kì wo ni kí n rà, báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Porsche 911 ọdún 2000 ni ọkọ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní 996. Tí mo bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú lọ́sàn-án, á dúró. Tó bá di ìdájí, á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀kalẹ̀ títí á fi kan èèyàn lórí. Ṣọ́ọ̀kì méjì tó ń gbé e dúró ni mo ń sọ, ìyẹn páìpù dúdú tí ọ̀pá dídán ń wọ inú ẹ̀. Mẹkáníìkì kan ní kí n lọ mú tòkúnbọ̀ ní Ládípọ̀, pé kí gígùn ẹ̀ ṣáà ti dọ́gba. Ẹlòmíì ní ẹyọ kan ló kú, kí n má fowó ṣòfò lórí méjì. Ṣé òótọ́ ni pé gígùn nìkan ni wọ́n fi ń mú un? Ṣé ẹyọ kan tó? Ṣé mo sì lè ṣe é nílé láìha ọ̀dà ọkọ̀?

Àǹtí Sípánà: Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Tí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò máa ti bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, híńjì á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, àlàfo tó wà láàárín bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà á sì fẹ̀ lápá kan ju èkejì lọ. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ panel beater ló kù, owó yẹn sì ju ti ṣọ́ọ̀kì kejì lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ọ̀sán àti ìdájí tí ẹ sọ yẹn ti fi àìsàn ẹ̀ hàn. Gáàsì nitrogen ló wà nínú páìpù dúdú yẹn, pẹ̀lú ọ́ìlì díẹ̀. Òtútù máa ń dín agbára gáàsì kù. Láti 33°C lọ́sàn-án sí 22°C ní ìdájí, bíi 4 nínú 100 ló ń lọ. Ṣọ́ọ̀kì tó ṣì le ò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Èyí tí ìwọ̀nba yẹn bá gbé ṣubú, etí bèbè ló ti wà tipẹ́. Àwọn ará wa ní London ló máa ń tètè rí i, torí tí ojú ọjọ́ bá dé 0°C, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 11 nínú 100 tí wọ́n pàdánù sí ti ọ̀sán Èkó.

Ọ̀gá Ìwọ̀n: Gígùn nìkan kọ́ o! Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ẹ rà á lẹ́ẹ̀mejì ni. Agbára ẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, Newton ni wọ́n fi ń kà á. Ẹ nu ara páìpù yẹn dáadáa. Stabilus ará Koblenz ní Jámánì wà lára àwọn tó ń ṣe é fún ọkọ̀ Jámánì, wọ́n sì máa ń kọ nọ́ńbà sí i lára tí lẹ́tà N tẹ̀ lé e: 0400N túmọ̀ sí 400 Newton, ìyẹn ni pé ó lè ti nǹkan bí ẹrù 40 kg. Tí ìwé ara ẹ̀ bá ti ṣí dànù, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n. Nọ́ńbà ṣaasí ọkọ̀ ni kí ẹ fún ẹni tó ń tà á.

Àwọn tó máa ń lọ bá wẹ́dà pé kó lu ihò sí i, kó tún gáàsì fà sínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: tí ọ̀pá dídán yẹn bá nípọn tó 8 mm, tí agbára ẹ̀ sì jẹ́ 400 N, ìfúnpá inú ẹ̀ jẹ́ bíi 80 bar. Táyà ọkọ̀ yín kì í sábà ju bar 3 lọ. Ẹ wá fi iná wẹ́dà sún mọ́ nǹkan bẹ́ẹ̀? Èyí tó ti kú pàápàá, ẹ má jù ú sínú iná pàǹtí, torí àìlágbára tó láti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì ò sọ pé gáàsì inú ẹ̀ ti tán.

Ọmọ Mushin: Tòkúnbọ̀ ò burú tí ẹ bá mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò. Ẹ gbé skéèlì tí wọ́n fi ń wọn ara dání. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ lé e kí gíláàsì ẹ̀ má bàa fọ́, ẹ dojú ọ̀pá dídán kọ ilẹ̀ lórí pákó náà, kí ẹ wá rọra tẹ páìpù náà mọ́lẹ̀. Bó bá ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà: iye kg tí ẹ bá rí, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, Newton nìyẹn, bí ẹni bá yọ díẹ̀ kúrò. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti kà á o, nítorí bó bá ṣe ń wọlé sí i ni yóò ṣe máa le sí i.

Ẹ tún fi ìka nu ọ̀pá náà. Tí ọ́ìlì bá lẹ̀ mọ́ ìka yín, síìlì, ìyẹn rọ́bà tó dí ẹnu páìpù, ti ń jò. Tí ẹ bá sì rí ìlà bí ẹni fi ìṣó ha á, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, torí ìlà yẹn ni yóò máa gé síìlì lójoojúmọ́.

Àǹtí Sípánà: Ẹ ṣọ́ra o, kí wọ́n má gbé ti ìdérí ẹ́ńjìnnì fún yín. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì 911 wà, ẹrù àti bátìrì ló wà níwájú. Ẹni tí kò mọ̀ á gbọ́ "bọ́nẹ́ẹ̀tì", á lọ gbé ti ẹ̀yìn wá. Àwọn 911 tó ní spoiler ńlá lẹ́yìn tún máa ń lo èyí tó le jù, torí ìdérí wọn wúwo.

Bọ́dà Houston: Ti mílímítà ni kí n fi kún un. Gígùn méjì ni ṣọ́ọ̀kì ní: ìgbà tó nà tán àti ìgbà tó ká tán. Bọ́ọ̀lù irin ni wọ́n fi so orí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì mọ́ ọkọ̀: láti àárín bọ́ọ̀lù kan sí àárín èkejì ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Gbogbo ayé ló ń wọn ti nínà, ti kíká ni wọ́n ń gbàgbé. Tí ṣọ́ọ̀kì bá ti ká tán kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó dé ibi lọ́ọ̀kì, tí ẹ bá wá fipá tẹ̀ ẹ́, ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ni yóò wú tàbí kí ó wọnú níbi tí wọ́n so ó mọ́.

Ẹ wo bọ́ọ̀lù irin náà pẹ̀lú. Àwọn kan jẹ́ 8 mm, àwọn kan 10 mm. Tí ẹ bá fi ike 10 mm bo bọ́ọ̀lù 8 mm, á wọlé, ẹ tiẹ̀ lè gbọ́ "kọ̀", ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí ẹ bá forí bọ inú ẹ̀, á yọ́ jáde.

Ẹni tó bá ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì carbon fibre sí i náà ò gbọ́dọ̀ lo ti ilé iṣẹ́. Ìyẹn fúyẹ́, agbára ṣọ́ọ̀kì á máa tẹ̀ ẹ́ bí ọrun. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ rèé: ká ní ó wọn 12 kg, àárín ìwúwo ẹ̀ jìnnà sí híńjì ní 50 cm, ọ̀nà tí ṣọ́ọ̀kì ń gbà tì í sì jìnnà sí híńjì ní 15 cm. 12 × 9.81 × 0.5, ẹ pín in sí 0.15, ẹ tún pín in sí méjì. Nǹkan bíi 196 N ni fún ẹyọ kan. Ẹ fi bíi 10 sí 15 nínú 100 kún un nítorí òtútù àti ọjọ́ ogbó, ó di bíi 220.

Ọwọ́ Ẹni: Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ lè ṣe é nílé. Ẹ wá ẹnì kejì tó lè gbé apá sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìráhùn. Screwdriver pẹlẹbẹ tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀ tó 3 mm, aṣọ méjì, pákó tí ẹ fi aṣọ wé lórí, gíríìsì tó kún èékánná. Ó tán.

Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì dé òpin pátápátá. Àárín méjì ni wọ́n máa ń ṣe é tó fi ń ṣe wọ́n léṣe: níbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì ṣì ń tì gan-an, bí ẹ bá ti yọ orí ẹ̀, á fò síni lójú. Tó bá dé òpin, tí ẹnì kejì wá gbé e sókè bíńtín, ẹ máa rí i tí ṣọ́ọ̀kì náà á máa mì jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ yín. Ó ti sinmi nìyẹn. Ẹ fi pákó tì í, kí pákó dúró lábẹ́ egungun inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lábẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ tẹ́ aṣọ sórí fẹ́ńdà.

Ní orí kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí fìlà ike dúdú tó bo bọ́ọ̀lù irin, àti kílíìpù irin pẹlẹbẹ tó gbá a mọ́ra. Ẹ ti screwdriver sábẹ́ kílíìpù, ẹ gbé e sóde bíi 3 mm, kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má fà á yọ tán, torí tó bá ta dànù sínú àyè ẹrù, ẹ ó wá a títí. Ẹ fi ọwọ́ kejì di ṣọ́ọ̀kì mú nítòsí fìlà, ẹ fà á tààrà kúrò lórí bọ́ọ̀lù, ẹ má lọ́ ọ. Òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ tó yọ ìsàlẹ̀.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ nu bọ́ọ̀lù. Tó bá dípẹtà, ẹ fi sandpaper múlọ́múlọ́ yí i, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á. Ẹ mì í lọ́wọ́: tí bọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ bá ń jó, ẹ fi sípánà dè é ná. Ọ̀pá dídán ni kó kọjú sísàlẹ̀, páìpù lókè. Ìdí ni pé ọ́ìlì inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ sàn wá sórí síìlì. Tí ẹ bá dorí ẹ̀ kodò, síìlì á gbẹ, ọdún kan lè má pé tí á tún fi rọ. Tuntun ò nílò screwdriver: ẹ tẹ fìlà mọ́ bọ́ọ̀lù títí tí á fi dún, kí ẹ wá fà á padà wò. Ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì.

Jẹ́jẹ́ Láyé: Kí tuntun tó dé ńkọ́? Vise-grip lèmi mọ̀, wọ́n á fi há ọ̀pá yẹn mọ́lẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì á dúró.

Ọmọ Mushin: Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Eyín vise-grip á fi ìlà sí i lára, ṣọ́ọ̀kì tó rọ á wá di èyí tó kú pátápátá. Ẹ gé páìpù PVC ti oníwáyà, ti 1/2, kó gùn tó ọ̀pá tó hàn síta. Ẹ la ẹ̀gbẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ há a mọ́ ọ̀pá náà. Ẹnu páìpù dúdú á gúnlẹ̀ lórí ẹ̀, kò ní lè sọ̀kalẹ̀. Ẹ ṣáà rántí yọ ọ́ kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ra méjì tuntun, nọ́ńbà ara wọn sì bá ti àtijọ́ mu. Mo gbé wọn sórí skéèlì bí ẹ ṣe wí: ọ̀kan fún mi ní 39 kg, èkejì 33. Ṣé kí n ṣáà fi wọ́n síbẹ̀?

Ọ̀gá Ìwọ̀n: Rárá o, ẹ dá èyí tó jẹ́ 33 padà. Ìyàtọ̀ wọn ju 15 nínú 100 lọ, kò yàtọ̀ sí ká fi tuntun kan àti àtijọ́ kan síbẹ̀. Kí ẹ tó lọ, ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá kan náà, torí bí ọ̀kan bá wà nínú oòrùn tí èkejì wà lábẹ́ fáànù, skéèlì á parọ́ fún yín.

Ọwọ́ Ẹni: Ohun kan ṣẹ́kù. Tí ẹ bá yọ bátìrì nítorí iṣẹ́ míì, ẹ dá a padà kí ẹ tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Lọ́ọ̀kì bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2000 yín, ó yẹ kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà ṣí. Àwọn tó dé lẹ́yìn náà, iná ló ń ṣí i, bátìrì sì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tí iná ń ṣí. Àwọn tó bá há mọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo àpótí fúùsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀: ẹnu iná kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fà síta. Wáyà pupa láti bátìrì míì lọ síbẹ̀, dúdú lọ sí irin tí lọ́ọ̀kì ilẹ̀kùn ń há mọ́, kí ẹ wá tẹ kọ́kọ́rọ́ rímóòtù.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ ó pa á dé, ẹ má jẹ́ kó já fúnra ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ méjì mú un sọ̀kalẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo ṣọ́ọ̀kì láti ẹ̀gbẹ́. Tó bá ku bíi 10 cm tí ó wá ń kọ̀ jálẹ̀, ẹ dúró, ẹ ṣí i padà, ẹ wọn ti kíká.