Fókọ́ọ̀sì rangefinder ń bọ́ sẹ́yìn ojú: kámẹ́rà ni àbí lẹ́ǹsì?

Ìbéèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà rangefinder (èyí tí à ń mú àwòrán méjì inú ihò ìwòran rẹ̀ bára mu kí fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tó mọ́ kedere jù, tó bọ́ síbi tí a fẹ́) àti lẹ́ǹsì 50mm ni mo fi ya ojú ẹnì kan nínú àwòrán mẹ́ta yìí, ní f/1.4 (ihò lẹ́ǹsì ṣí fẹ̀), mítà kan sí i. Àwòrán méjì inú ihò ìwòran bára mu pátá lórí ẹyinjú, síbẹ̀ etí ló mọ́ kedere, ojú ò mọ́. Ibo ni kí n ti wò ó?

Ìdáhùn 1:
Àbúrò, má tíì tú nǹkan kan lára kámẹ́rà tàbí lẹ́ǹsì. Gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fi rúlà dúbúlẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 45, mítà kan síwájú rẹ̀. Ya á lẹ́ẹ̀marùn-ún ní f/1.4, kí o sì tún fókọ́ọ̀sì ṣe látìbẹ̀rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan. Pààrọ̀ lẹ́ǹsì, tún un ṣe. Bí gbogbo lẹ́ǹsì bá ṣìnà sí apá kan náà, kámẹ́rà ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, lẹ́ǹsì yẹn ni.

Ìdáhùn 2:
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ wo àwòrán kejì dáadáa: ojú wà lápá òsì pátápátá. Àárín ihò ìwòran ni àbúrò ti ṣe fókọ́ọ̀sì, ó wá yí kámẹ́rà kí ojú lè bọ́ sápá òsì. Bó bá yí i ní dígírì 15, ní mítà kan, fókọ́ọ̀sì á bọ́ sẹ́yìn ojú ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.4. Ní f/1.4, ibi tó mọ́ kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ lápapọ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Etí ló kù tí yóò mọ́! Àbúrò, lẹ́yìn tí o bá yí i, fara sẹ́yìn díẹ̀, tàbí kí o lo f/4 (ihò lẹ́ǹsì tó kéré sí i) kí ibi tó mọ́ lè gbòòrò.

Ìbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Rúlà ni màá kọ́kọ́ yà.